Bílíìṣì Nínú Ìkòkò Tàmálè

“Lisandro, ṣé ìwọ nìyẹn, àbí kùrukùru ló ń tan ojú mi jẹ?”

Lisandro ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ìjọba ni, ó wọ ẹ̀wù tí wọ́n kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ ìlera sí lẹ́yìn, ìbọ̀wọ́ rọ́bà sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlọ́pàá méjì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Màdáàmú Prewitt, ọ̀gá rẹ̀, ti ń ya fọ́tò ọmọlanke tí wọ́n gbé ìkòkò ńlá lé. Ẹ̀yìn ìkòkò yẹn ni Ìyá Zenaida wà, ó fi ìborùn dúdú wé orí, ó ń rẹ́rìn-ín sí Lisandro bí ẹni pé oúnjẹ ló wá rà.

“Ìwọ ni lóòótọ́! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ fún ìyá ẹ lọ́jọ́ Àìkú pé mi ò rójú ẹ mọ́. Sún mọ́bí, jẹ́ kí n bu ògì gbígbóná fún ẹ. Òtútù yìí ò ṣeé fi inú òfìfo kojú.”

“Ìyá,” ni Lisandro wí, “ṣé ẹ ní ìwé àṣẹ?”

Ẹ̀rín náà ò kúrò lójú Ìyá Zenaida lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ wo àwọn ọlọ́pàá, ó wo Màdáàmú Prewitt, ó tún wo ìbọ̀wọ́ tó wà lọ́wọ́ Lisandro, kí ẹ̀rín náà tó wá kúrò lójú rẹ̀.

“O mọ̀ pé mi ò ní,” ló wí.

Lóòótọ́ ló mọ̀. Ìyá ìsàmì rẹ̀ ni obìnrin yìí. Òun ló gbé Lisandro dání lọ́jọ́ tí àlùfáà da omi sí i lórí ní ṣọ́ọ̀ṣì Las Moras. Ní ọdún tó kọjá, Lisandro fúnra rẹ̀ ló jókòó sí ìdí tábìlì rẹ̀, tó to òfin náà fún un: kò gbọdọ̀ sí oúnjẹ tí a sè nílé, ilé ìdáná tí ìjọba fọwọ́ sí ni kí a ti sè é, ibẹ̀ náà ni ọmọlanke gbọ́dọ̀ máa sùn, orí ọmọlanke ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ ní síǹkì mẹ́ta tí a fi ń fọ abọ́, òmíràn tí a fi ń fọ ọwọ́, àti omi gbígbóná. Ìyá Zenaida fi etí sílẹ̀ títí ó fi parí, ó wá bú sẹ́rìn-ín. “Síǹkì mẹ́rin lórí ọmọlanke! Ta ló máa bá mi tì í, ọmọ mi? Àfi kí n ra màlúù.” Ṣùgbọ́n ó gbìyànjú. Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìdáná kan ṣoṣo tí ìjọba fọwọ́ sí ní agbègbè yẹn, ní ìlú kejì. Àwọn ọkọ̀ oúnjẹ ńláńlá ti kún ibẹ̀. Ẹni tó ni ín ní kí ó máa lọ, pé bí àyè bá ṣí, òun á pè é. Kò pè.

Nítorí náà ni Ìyá Zenaida ṣe ń ti ọmọlanke rẹ̀ bọ̀ láràárọ̀, síwájú ẹnubodè ilé tí wọ́n ti ń di ọsàn sí páálí, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe láti ìgbà tí Lisandro ò tíì mọ ìwé kà. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń dúró de aago ìwọlé ti yí ọmọlanke náà ká nínú kùrukùru. Àwọn kan ti ń jẹun lọ́wọ́. Wọ́n ń ya háhá àgbàdo kúrò lára tàmálè, àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n fi ẹran sí nínú kí wọ́n tó fi háhá wé e sè, èéfín sì ń jáde lẹ́nu wọn àti lára oúnjẹ.

“Àwọn ilé oúnjẹ tó wà ní òpópónà ló fẹjọ́ sùn,” ni Màdáàmú Prewitt sọ fún Lisandro ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. “Ẹ̀ẹ̀mejì la ti kìlọ̀ fún un. Ìwọ lo gbọ́ èdè rẹ̀. Sọ fún un pé à ń gbé ọmọlanke lọ, a ó sì ba oúnjẹ jẹ́.”

Lisandro sọ ọ́. Ó sọ ọ́ ní èdè Spáníṣì tó mọ́ tónítóní, irú èyí tí wọ́n ń sọ ní ọ́fíìsì, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sọ nílé.

“Kí ẹ bà á jẹ́ báwo?” ni Ìyá Zenaida bi í. “Ó gbóná. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni. Jẹ́ kí n pín in fún àwọn wọ̀nyí, mi ò ní gba nǹkan lọ́wọ́ wọn.”

“Kò ṣeé ṣe, Ìyá.”

“Gbogbo ẹ̀?”

“Gbogbo ẹ̀.”

Nígbà náà ni ariwo bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan tó dé fìlà pupa ju háhá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Wolé-wolé!” ló pariwo. “Wo iwájú orí ẹ bí igi ọrọ́ ilé wa ṣe hù síbẹ̀, tó ń fi hàn pé ọmọ wa ni ẹ́, o wá ń ṣe bí òyìnbó! Kí ni ìyá tìẹ fi tọ́ ẹ, bẹ́gà tí òyìnbó ń jẹ ni?” Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn létí. Obìnrin kan gbé fóònù sókè, ó ń ká ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sílẹ̀.

Màdáàmú Prewitt na gálọ́ọ̀nù bílíìṣì, oògùn tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun, sí Lisandro. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà lọ kó oúnjẹ náà nínú pàǹtírí. Lisandro gbà á. Ó ṣí ìdérí ìkòkò, òórùn àgbàdo àti ata gbígbẹ sì bò ó lójú. Ó da bílíìṣì sí i láti òkè, ó yí ìkòkò náà ká, kó lè dé ibi gbogbo. Ó gbọ́ bó ṣe ń hó nísàlẹ̀. Òórùn náà yí padà, ó ta á nímú, omi sì bọ́ lójú rẹ̀, omi bílíìṣì ni tàbí omi mìíràn, òun fúnra rẹ̀ ò lè sọ.

Ìyá Zenaida ò ké. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó tún un wé dáadáa, ó sì dojú kọ ọ̀nà ilé lọ́wọ́ òfo.

*

“Mo mọ̀ pé ó le,” ni Màdáàmú Prewitt wí nínú ọkọ̀. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Òun ló gba Lisandro síṣẹ́ nígbà tí àwọn mìíràn ń sọ pé ọmọdé ni. “Ṣùgbọ́n ìwọ lo lọ sí Villa Seca. O ò lè gbàgbé.”

Kò gbàgbé. Ní Villa Seca, ọkùnrin kan ń ta wàràkàsì tó ṣe nílé nínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ rẹ̀. Wàrà náà ti bàjẹ́ láti inú, ojú lásán ò sì lè rí i. Lisandro ló lọ sí ilé tí ọmọbìnrin kékeré kan ti jẹ ẹ́, òun ló ṣí fíríìjì wọn, tó bù nínú èyí tó ṣẹ́ kù, tí ìyá ọmọ náà dúró ní ẹnu ọ̀nà tí ń wò ó. Wọ́n ti sin ọmọ náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Láti ìgbà náà ni Lisandro ti gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé iṣẹ́ tóun ń ṣe ní ìdí. Ó gbà á títí di àárọ̀ ọjọ́ yìí.

Kí ó tó dé ilé, Herminia, ìyá rẹ̀, ti rí fídíò náà. Herminia jókòó sí ìdí tábìlì, fóònù wà níwájú rẹ̀. Òun náà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún di ọsàn sí páálí, títí tí ìka ọwọ́ rẹ̀ fi wú tí kò ṣeé ká dáadáa mọ́. Ní báyìí, owó oṣù Lisandro ni wọ́n fi ń gbé ilé, òun ni wọ́n sì fi ń ra oògùn rẹ̀.

“Ìwọ lo dà á sí i?” ló bi í.

“Ẹ ti rí i, Màmá.”

“Mo rí i. Mo fẹ́ kó o fẹnu ẹ sọ ọ́ ni.”

“Èmi ni. Iṣẹ́ mi ni. Bí mi ò bá ṣe é, ẹlòmíràn á ṣe é.”

“Ẹlòmíràn kọ́ ni Zenaida gbé dání níwájú pẹpẹ.”

“Ẹ̀yin lẹ ní kí n lọ kàwé. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ ò fẹ́ kí n di ọsàn. Ibi tí ìwé gbé mi dé nìyí!”

Herminia wò ó títí. Ó dìde, ó bu ọbẹ̀ ẹ̀wà sínú abọ́, ó gbé e síwájú rẹ̀ pẹ̀lú tòtíyà, àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ, tó bò láṣọ kó má baà tutù. Lẹ́yìn náà ó gbé abọ́ tirẹ̀ wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti jókòó jẹun pẹ̀lú rẹ̀ mọ́. Oúnjẹ rẹ̀ ò yẹ̀ lórí tábìlì, kò sí àárọ̀ tí kò lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tán láàárín wọn. Bí Lisandro bá jí láàárọ̀, ìyá rẹ̀ ti jáde. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún un lórí tábìlì pé ṣọ́ọ̀ṣì lòun ń lọ, fún àdúrà àárọ̀ tí wọ́n ń gbà kí àjọ̀dún Ìyá Wa, ìyá Olúwa, tó dé. Lisandro gbà á gbọ́. Oṣù Kejìlá ni, gbogbo àwọn ìyá àdúgbò ló ń lọ.

Níbi iṣẹ́, ó béèrè fún àyẹ̀wò ilé oúnjẹ nìkan. Wọ́n fún un. Ó ń wọ inú ilé ìdáná tó ń dán, ó ń wo ẹ̀yìn fíríìjì, ó ń tẹ irin tí wọ́n fi ń wọn ooru bọ inú ẹran. Ní ilé oúnjẹ kan ní òpópónà, ó rí ìgbẹ́ eku lẹ́yìn àpò ìrẹsì. Ó kìlọ̀ fún wọn, ó sì fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n fi tún un ṣe, nítorí pé wọ́n ní ìwé àṣẹ, ohun tí òfin sì sọ nìyẹn. Nígbà tó padà sínú ọkọ̀, kò tètè ṣíná sí i.

*

Ìpè náà wọlé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí kùrukùru pọ̀ débi pé a ò rí ilé tó wà ní òdìkejì. Ẹnìkan tí kò dárúkọ ara rẹ̀ ló pè, pé obìnrin kan ń se tàmálè tà nínú gáréèjì ilé rẹ̀, ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, ní òpópónà Olmo. Vang, tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí ti Lisandro, ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́.

“Lisandro, ìwọ nìkan ni ọwọ́ rẹ dilẹ̀,” ni Màdáàmú Prewitt wí. “Lọ wò ó. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, pè mí.”

Ó yẹ kó sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó mọ ilé náà, ilé Ìyá Zenaida ni, ó mọ̀ pé ọ̀nà gáréèjì yẹn lòun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ó mú kọ́kọ́rọ́, ó jáde.

Nígbà tó dé ibẹ̀, òórùn ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ẹ̀rín àwọn obìnrin láti inú gáréèjì. Ó kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀rín náà dá.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni, Ìyá. Lisandro.”

Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gbé ilẹ̀kùn irin náà sókè. Ìyá Zenaida ló gbé e. Lẹ́yìn rẹ̀ ni tábìlì gígùn kan wà, tí wọ́n to háhá àgbàdo tí wọ́n rẹ sómi sí. Ní ìdí tábìlì yẹn, ẹnìkan wọ épírónì, ó fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ́ àgbàdo lílọ̀ sára háhá pẹ̀lú ìka tó wú tí kò ṣeé ká. Herminia ni.

“Màmá?”

“Èmi ni. Ta lo rò pé á jẹ́?”

“Ẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ̀ ń lọ.”

“Mò ń lọ. Bí mo bá kúrò níbẹ̀, mo máa ń yà síbí.” Kò dá ọwọ́ dúró. “Mú bíìrò ẹ jáde. Kọ orúkọ tèmi náà. O mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.”

“Herminia, fi ọmọ náà sílẹ̀,” ni Ìyá Zenaida wí.

“Mi ò ní fi í sílẹ̀! Níbo ni bílíìṣì ẹ wà? Ṣé o gbàgbé ẹ sínú ọkọ̀ ni?”

“Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Màmá.” Ohùn Lisandro ti lọ sókè láìmọ̀. “Ẹ̀yin lẹ rò pé mò ń fi ẹ̀yin ṣeré. Ẹ ò mọ ohun tí mo rí. Ọmọ kan kú ní Villa Seca nítorí wàrà tí ẹnìkan gbé wá látilé. Ọmọdébìnrin. Ẹni tó tà á fún wọn kì í ṣe olè, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, bíi tiyín. Ó ń sunkún ju gbogbo wa lọ. Èmi ni mo lọ ṣí fíríìjì wọn. Abọ́ tí ọmọ náà fi jẹ ẹ́ ṣì wà nínú síǹkì, wọn ò tíì fọ̀ ọ́.”

Omi ń hó nínú ìkòkò tó wà lórí iná.

“Kí lorúkọ ẹ̀?” ni Ìyá Zenaida béèrè.

“Yaretzi.”

Ìyá Zenaida fi ọwọ́ ya àmì àgbélébùú sí ara rẹ̀. Herminia pàápàá dá ṣíbí ọwọ́ rẹ̀ dúró.

“O jókòó sí tábìlì mi lọ́dún tó kọjá,” ni Ìyá Zenaida wí, “síǹkì lo ń bá mi sọ. Síǹkì, síǹkì, síǹkì. O ò sọ̀rọ̀ ọmọ yìí. Bí o bá sọ ọ́, mi ò ní rẹ́rìn-ín.” Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Wọlé. Wá wò ó. Lọ́jọ́ yẹn, o ò tilẹ̀ wo inú ìkòkò mi kó o tó da nǹkan sí i.”

Ó wọlé. Kò mọ ìdí tó fi ṣe é, ṣùgbọ́n ó yọ irin ìwọn-ooru náà jáde nínú àpò, ó sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń ṣe é ní ibòmíràn. Tábìlì mọ́. Omi ìfọwọ́ wà, ọṣẹ wà. Ẹran tó wà lórí iná gbóná bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ní igun kan, lórí pẹpẹ, ó rí abọ́ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ti ya wẹ́wẹ́, tí wọ́n fi àwo dé. Ó tẹ irin bọ̀ ọ́. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

“Ìgbà wo ni èyí ti wà níbí?”

“Láti alẹ́ àná,” ni Ìyá Zenaida wí. “Òtútù mú, mo rò pé...”

“Kò tutù tó, Ìyá. Irú èyí ló ń pa èèyàn.”

Ìyá Zenaida wo abọ́ náà, ó wo Lisandro. Ó gbé e, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì gbọ́ bó ṣe dà á sínú ike pàǹtírí. Nígbà tó padà, ó fi ọṣẹ fọ abọ́ náà, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. “Ó tán,” ló wí. “Kí ló tún kù?”

“Kò sí mọ́. Ó ku ìwé àṣẹ.”

Ìyá Zenaida rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ayọ̀ nínú rẹ̀. “Wọn ò ní fún gáréèjì ní ìwé àṣẹ.”

“Wọn ò ní fún un.”

Fóònù rẹ̀ dún nínú àpò. Orúkọ Màdáàmú Prewitt ló hàn lójú rẹ̀. Àwọn obìnrin méjèèjì ń wò ó. Ó lè sọ pé kò sí nǹkan kan níbí, pé ẹni tó pè ṣìnà. Màdáàmú á gbà á gbọ́. Bó bá di oṣù kan sí i, ẹlòmíràn á tún pè, òun á tún purọ́. Tàbí kí ẹran wọ́ọ́rọ́ mìíràn wà lórí pẹpẹ lọ́jọ́ tí òun ò ní sí níbẹ̀.

Ó gbé e sétí.

“Òótọ́ ni,” ló wí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. “Wọ́n ń sè é níbí. Màdáàmú, ìyá ìsàmì mi ló ni ilé yìí. Ìyá tó bí mi wà níbí, ó ń bá a ṣiṣẹ́. Ìyá ìsàmì mi náà ló ni ọmọlanke ọjọ́sí. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín nígbà náà. Ẹ rán ẹlòmíràn. Mi ò ní da bílíìṣì sí oúnjẹ wọn.”

Ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní Vang á máa bọ̀ bí ó bá ti parí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́. Ó ní kí Lisandro kúrò níbẹ̀ nísinsìnyí, kí ó padà sí ọ́fíìsì, kí àwọn jókòó sọ̀rọ̀, nítorí pé bí Vang bá bá a níbẹ̀, òun ò ní lè gbà á sílẹ̀.

“Mo gbọ́,” ni Lisandro wí, ó sì pa fóònù.

“Kí ló sọ?” ni Herminia bi í. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ nínú ohùn ọmọ rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ló ń sọ.

“Ẹlòmíràn ń bọ̀. Vang lorúkọ ẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ má bá a jà.”

“Ìwọ ń kọ́?”

Ìyá Zenaida lọ pa iná tó wà lábẹ́ ìkòkò. Ó gbé ọwọ́ lé ìdérí rẹ̀, kò ṣí i. Ó ti rẹ̀ ẹ́; bí ó ṣe dúró yẹn, Lisandro rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ pé ìyá ìsàmì òun ti darúgbó. “Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Fresno ti ń sọ fún mi tipẹ́ pé kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun,” ló wí, bí ẹni ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀. “Yàrá kan wà nílé ẹ̀ tí kò ní fèrèsé.”

Herminia bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìdún, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, àgbàdo lílọ̀ sì ń lẹ̀ mọ́ ọn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Lisandro jáde. Àwọn obìnrin méjèèjì rò pé ó ti lọ. Ó dé ìdí ọkọ̀ ìjọba, ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ó bọ́ ẹ̀wù ilé-iṣẹ́, ó ká a, ó gbé e sórí ìjókòó, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lórí. Ó ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ó padà wá, ó bá omi ìfọwọ́ ní ẹnu ọ̀nà, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ níbi tábìlì, láàárín òun àti Ìyá Zenaida.

“Wọ́n á lé ẹ níṣẹ́,” ni Herminia wí.

“Ó ṣeé ṣe.”

“Oògùn mi ń kọ́?”

“Mi ò tíì mọ̀, Màmá.”

Herminia sún díẹ̀, kí àyè lè gba ọmọ rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró bẹ́ẹ̀, wọ́n dojú kọ ojú títì tí kùrukùru bò, títí wọ́n fi gbọ́ ọkọ̀ tó dín eré kù, tó ń wá nọ́ńbà ilé.